Ọwọ́ Tí A Ń Gbé Sókè: Bí A Ṣe Ń Yan Rákẹ́ẹ̀tì Tẹ́níìsì Tí Kì Í Ba Apá Jẹ́

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn akọrin ń kọ orin ìyìn, gbogbo ìjọ sì gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ òsì nìkan ni èmi lè gbé. Ọwọ́ ọ̀tún mi kọ̀. Kì í ṣe pé ó rọ o. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti na ìgúnpá báyìí, ń ṣe ni ìrora máa ń ta mí láti ibi eegun tí ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá títí dé ọrùn ọwọ́. N kò lè fi ọwọ́ náà gbé Bíbélì. N kò lè fi í ṣí ìdérí ìgò omi. Bí ará kan bá fi ayọ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn, omi á lé sí mi lójú, òun á sì rò pé Ẹ̀mí ni ó bà lé mi.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Dókítà kọ́ ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí ìrora náà tó bẹ̀rẹ̀, a ṣe ìsìnkú kan ní ìlú wa. Ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ àbúrò bàbá mi di apá ọ̀tún mi mú, ó fọwọ́ pa á, ó ní, "Ọmọ mi, apá rẹ mà ti le o, bí apá bàbá rẹ." Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo rántí. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo dá ọfà padà sí ẹni tí ó ta á. N kò pe ìyá náà lórí fóònù mọ́, nígbà tí ó sì fi èlùbọ́ ránṣẹ́ sí wa, mo ní kí ìyàwó mi má ṣe fi ro àmàlà nínú ilé wa.

Pásítọ̀ wa ni Ọlọ́run lò. Lẹ́yìn tí ó gbàdúrà fún mi tán, ó bi mí ní ìbéèrè tí n kò retí: "Bùrọ́dà, kí ni ẹ ń fi ọwọ́ yìí ṣe láàárín ọ̀sẹ̀?" Mo ní mo ń tẹ kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́, mo sì ń gbá tẹ́níìsì ní òwúrọ̀ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tímótì pé èrè díẹ̀ wà nínú ìdárayá. Díẹ̀ náà ni mo ń wá. Ó ní, "Ǹjẹ́ ohun kan yí padà?" Mo ronú. Mo ní kò sí nǹkan kan, àfi pé mo ra rákẹ́ẹ̀tì tuntun ní oṣù méjì sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ rí arábìnrin kan nínú ìjọ wa tí ó jẹ́ dókítà eegun, kí n sì mú rákẹ́ẹ̀tì náà dání. "Kòkòrò tí ó ń jẹ̀fọ́," ni pásítọ̀ wí, "ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mo gbàgbọ́ nínú ìwòsàn láti ọ̀run, mo sì ti rí i. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń gbàdúrà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ san, tí kò yọ òkúta inú bàtà rẹ̀ kúrò, àdúrà ọ̀la yóò dà bí ti òní.

OHUN TÍ Ó Ń ṢE APÁ

Dókítà náà fi ìka tẹ eegun ẹ̀gbẹ́ ìgúnpá mi, mo sì fò. Ó ní kí n na apá, kí n gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sókè nígbà tí òun bá ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Mo tún fò. Ó ní kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀yìn ọwọ́ ẹni sókè so mọ́ eegun kékeré yẹn. Nígbàkígbà tí a bá di nǹkan mú ṣinṣin, iṣan wọ̀nyí ni ó ń mú ọrùn ọwọ́ dúró. Bí a bá ń fà wọ́n ní àfàjù lójoojúmọ́, ibi tí wọ́n ti so mọ́ eegun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ara tó rí àyè tún un ṣe. Orúkọ tẹ́níìsì ni àwọn òyìnbó fi ń pè é, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣe kò mú rákẹ́ẹ̀tì rí láyé wọn: kápẹ́ńtà, alápatà, àwọn tí ń kun ilé, àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń fún aṣọ. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 35 sí 55 ni ó sábà máa ń bá jà.

Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì kò ju 56 sí 59 gíráàmù lọ. Nígbà tí ó bá kan okùn rákẹ́ẹ̀tì, kò lò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 1000 ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kékeré yìí ni gbogbo agbára náà máa ń wọlé. Okùn a gba díẹ̀, igi rákẹ́ẹ̀tì a gba díẹ̀. Èyí tí àwọn méjèèjì kò bá gbà, apá ẹni ni yóò gbà á. Àìmọye ìgbà ni èyí ń ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Dókítà wá gbé rákẹ́ẹ̀tì mi. Ó ní, "Àh, ó mà fúyẹ́ o!" Inú mi dùn, nítorí ohun tí mo fi rà á nìyẹn. Ẹni tí ó tà á fún mi ti sọ pé èyí tí ó fúyẹ́ jù lọ ni ó yẹ àgbàlagbà, mo sì gbà á gbọ́. Dókítà mi orí.

FÍFÚYẸ́ KÌ Í ṢE ÌRỌ̀RÙN

Ó ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ta ni kò mọ̀ nínú àwọn obìnrin ilẹ̀ wa pé ọmọ odó tí ó fúyẹ́ jù ni ó ń dá apá lágara? Ẹni tí ó ń fi í gún iyán ni yóò máa fi agbára tì í wálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì bó. Èyí tí ó wúwo níwọ̀nba, ìwọ sáà gbé e sókè. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe èyí tí ó kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni rákẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tí ń sáré bá pàdé rákẹ́ẹ̀tì tí ó fúyẹ́, yóò tì í sẹ́yìn, yóò sì yí i lọ́wọ́ ẹni, iṣan apá ni yóò sì dá a dúró. Èyí tí ó wúwo díẹ̀ kì í tètè yẹ̀.

Ti emi jẹ́ 255 gíráàmù kí wọ́n tó ta okùn sí i. Fún ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, ohun tí mo máa ń sọ nísinsin yìí ni kí ó wá èyí tí ó wà láàárín 295 sí 315 gíráàmù láìsí okùn. Fún obìnrin tàbí ẹni tí kò ní agbára púpọ̀, nǹkan bí 280 sí 295. Ẹ má sì ṣe lọ sí òdì kejì o. Ọmọ odó tí ènìyàn kò lè gbé kò lè gún iyán, rákẹ́ẹ̀tì tí ó wúwo jù yóò sì gbé ìrora kúrò ní ìgúnpá lọ sí èjìká.

Ibi tí ìwúwo náà wà tún ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Àáké ni ó yẹ kí ó wúwo lórí, nítorí igi ni a fẹ́ là. Rákẹ́ẹ̀tì tí ó wúwo lórí a máa fa ọrùn ọwọ́ bí àáké. Ẹ wá èyí tí ìwúwo rẹ̀ wà nídìí èèkù. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ ọ́n: gígùn rákẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà jẹ́ 27 ínṣì, nítorí náà àárín rẹ̀ jẹ́ ínṣì 13 àti ààbọ̀. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí ẹ gbé ibẹ̀ lé orí ìka kan. Bí orí rẹ̀ bá ṣubú wálẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó ń tà á. Bí èèkù bá ni ó tẹ̀ wálẹ̀, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Àwọn tí ń ṣe rákẹ́ẹ̀tì fífúyẹ́ sábà máa ń kó ìwọ̀nba tí ó kù sí orí rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù lè lọ jìnnà, ìdí nìyí tí irú tèmi fi burú ní ọ̀nà méjì.

ÈYÍ TÍ Ó LE ÀTI ÈYÍ TÍ Ó Ń TẸ̀

Àwọn àgbà tí ń ka ìwé yìí yóò rántí ọdún 1983, nígbà tí Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà, na Guillermo Vilas ní Wimbledon, tí ó sì dé ìpele kẹrin. Ọmọ ilé-ìwé ni mí nígbà náà, ọdún yẹn sì ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yá rákẹ́ẹ̀tì tíṣà wa gbá. Pákó ni. Ó máa ń fi igi mẹ́rin àti ṣúrúù dè é kí ó má bàa wọ́. Ó wúwo, ojú rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá bà á, yóò tẹ̀ díẹ̀ bí ọparun, kò sì ní mi apá jìgìjìgì. John McEnroe ni ọkùnrin tí ó fi rákẹ́ẹ̀tì pákó gba ife ẹ̀yẹ Wimbledon kẹ́yìn, ní 1981. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gíráfáìtì gba ọjà, nítorí a lè fi í ṣe ohun tí ó fúyẹ́ tí ó sì le gan-an. Líle yìí ni ó ń mú bọ́ọ̀lù yára láìlo agbára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò tẹ̀ kò lè gba ìkọlù mọ́ra.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn líle rákẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń pè é ní RA. Bí nọ́ńbà náà bá ti kéré tó ni rákẹ́ẹ̀tì máa ń tẹ̀ tó. Ẹni tí apá ń dùn, kí ó wá 63 tàbí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀; 68 sókè, kí ó fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Wọn kì í sábà kọ ọ́ sára rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín lè fi fóònù wá a bí ẹ bá fún wọn ní orúkọ àti ọdún rákẹ́ẹ̀tì náà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó nípọn bí ìka méjì sábà máa ń le ju èyí tí ó tínrín lọ.

Ní ti ojú rẹ̀, nǹkan bí 100 ínṣì onígun mẹ́rin dára fún ọ̀pọ̀ wa. Howard Head, ẹni tí ó mú ojú ńlá wá sí ọjà ní 1976 lábẹ́ orúkọ Prince, kì í ṣe òṣèré ńlá. Rákẹ́ẹ̀tì máa ń yí lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkígbà tí kò bá gbá bọ́ọ̀lù láàárín. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, nítorí èmi náà kì í gbá a láàárín.

OKÙN NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ YÍ PADÀ

Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tí kò lówó rákẹ́ẹ̀tì tuntun fi etí sí. Okùn kò wọ́n tó rákẹ́ẹ̀tì, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ni ó ń bá yín jà.

Nígbà tí Gustavo Kuerten ará Bùràsíìlì gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Faransé ní 1997 pẹ̀lú okùn pọlíẹ́sítà, gbogbo ayé sáré tẹ̀lé e. Okùn yìí dára fún àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú agbára púpọ̀ kí ó lè máa yí. Ṣùgbọ́n ó le bí wáyà, ó sì tètè máa ń kú: láàárín wákàtí díẹ̀, kò ní fa padà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, apá ni yóò sì san gbèsè. Àwọn òṣèré ńlá ń yí tiwọn padà kí wọ́n tó wọ pápá, wọ́n sì ní ẹni tí ń bá wọn fọwọ́ ra ara lẹ́yìn eré. Àwa ńkọ́? À ń lò ó títí yóò fi já, bí ó tilẹ̀ gba ọdún kan. Okùn dúdú tí ó wà lára tèmi nìyẹn, wọ́n sì ta á le dé 58 pọ́n-ùn.

Ẹ béèrè okùn náílọ́ọ̀nù tí a fi fọ́nrán wẹ́wẹ́ púpọ̀ lọ́ pọ̀. Ó rọ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ jù. Èyí tí ó rọ̀ jù lọ ni èyí tí a fi ìfun màlúù ṣe. Ṣùgbọ́n ó wọ́n bí ojú, kò sì fẹ́ ọ̀rinrin, nítorí náà èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà á kí ó wá lò ó ní oṣù kẹfà nílẹ̀ Yorùbá. Kí ẹni tí ń ta okùn náà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ fún un. Bí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, tirẹ̀ ni yóò ṣe, àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí sì fẹ́ràn kí ó le dòò. Nǹkan bí 50 pọ́n-ùn, tàbí kí ó tilẹ̀ dín díẹ̀, tó fún ọ̀pọ̀ wa. Bọ́ọ̀lù yóò fẹ́ máa lọ jìnnà fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n.

Rọ́bà kékeré tí wọ́n ń há sáàárín okùn? Ó ń pa ariwo rẹ̀, ó tán. Kì í ṣe oògùn apá.

ÈÈKÙ, ÀTI BÍ A ṢE Ń DÌ Í MÚ

Ẹ di èèkù mú bí ẹ ṣe máa ń dì í. Ó yẹ kí àlàfo wà láàárín orí ìka àti àtẹ́lẹwọ́ tí ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ kejì lè wọ̀. Bí kò bá wọ̀, èèkù ti kéré. Bí àlàfo náà bá fẹ̀ jù, ó ti tóbi. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe kú lórí rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2006 fi hàn pé bí èèkù bá fi ìdá mẹ́rin ínṣì kan tóbi tàbí kéré ju èyí tí ó yẹ, iṣẹ́ tí iṣan apá ń ṣe kò yàtọ̀. Ohun tí ó ń pa wá lára nínú ooru wa ni òógùn. Nígbà tí èèkù bá ń yọ̀, ń ṣe ni a máa ń fún un pa. Ẹ máa pààrọ̀ aṣọ tí a fi wé e kí ó tó dán, kí ẹ sì dì í mú bí ẹni di òròmọdìẹ mú: kò gbọdọ̀ bọ́, kò sì gbọdọ̀ kú.

Tòkunbọ̀ kò burú, òun ni mo rà lẹ́yìn náà. Ẹ kàn wò ó dáadáa bóyá ó sán níbi tí orí ti pàdé ọrùn. Ẹ sì ṣọ́ra fún èyí olówó pọ́ọ́kú tí a fi irin fífúyẹ́ ṣe, tí ẹ ó rí i pé wọ́n fi ike kékeré so ọrùn rẹ̀ pọ̀. Bí a bá fi gbá bọ́ọ̀lù, ìgbọ̀n rẹ̀ á dé inú eyín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́jọ ní rákẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ pé yóò dàgbà bá a. Bàtà ni a lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ti àwọn ọmọdé wà láti 19 ínṣì dé 26. Bọ́ọ̀lù tiwọn náà yàtọ̀: aláwọ̀ pupa ni ó ń lọ jẹ́jẹ́ jù, aláwọ̀ ọsàn tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà aláwọ̀ ewé. Láti 2012 ni àjọ ITF tí ń ṣàkóso tẹ́níìsì lágbàáyé ti fi irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ṣe òfin fún ìdíje àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sísàlẹ̀.

APÁ MI LÓNÌÍ

N kò ní tan yín pé rákẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó wò mí. Dókítà dá mi dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó kọ́ mi láti gbé apá lé tábìlì, kí n di ìgò omi kékeré mú, kí n máa sọ ọrùn ọwọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ fún abẹ́rẹ́. Ó ní abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì lè mú ìrora rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń padà wá, nígbà mìíràn pẹ̀lú agbára. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá ń kú tipiri, tàbí tí ìgúnpá bá wú tí ó gbóná, tàbí tí ìrora apá bá bá àyà fífún wá, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta rákẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo padà sí pápá, olùkọ́ kan rí i pé ọrùn ọwọ́ mi máa ń tẹ̀ bí mo bá ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní kí n máa fi ọwọ́ méjèèjì gbá a. Ojú tì mí díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Oṣù mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀ gbà kí n tó lè bọ ènìyàn lọ́wọ́ láìkọ́kọ́ múra sílẹ̀.

Kí oṣù mẹ́jọ náà tó pé ni mo ti lọ sí ìlú wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ti ọfà àti ti ààwẹ̀. Wọ́n dákẹ́ pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Èmi ṣáà ń sọ pé bóyá iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o máa pè mí." Wọ́n ní kí n mú apá náà wá, wọ́n fọwọ́ pa ibi ìgúnpá, wọ́n sì gbàdúrà lé e lórí. Wọ́n béèrè èlùbọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́. Mo ní kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Wọ́n dìde, wọ́n bu òmíràn fún wa láti inú àpò, ìyàwó mi sì fi ro àmàlà ní alẹ́ ọjọ́ náà.